Oríkì Rẹ Ni Mo Fi Ti Kọ̀ǹpútà Mi Pa

Bẹyẹrunkà, Ìbàdàn

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Báyìí ni mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ mi ní ìsinsìnyí. Bí mo bá ti gbàdúrà tán, mo máa ń tú ìborùn àlòkù tí mo fi ń we kọ̀ǹpútà mi, màá gbọn eruku rẹ̀ dànù lẹ́nu ọ̀nà, màá sì gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì tó kọjú sí ògiri. Tẹ́lẹ̀, fèrèsé ni tábìlì náà kọjú sí. N kì í so ẹ̀rọ náà mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Màá kọ́kọ́ wo ihò kékeré tó ń ya fọ́tò lókè ojú rẹ̀, bóyá pílásítà tí mo lẹ̀ mọ́ ọn ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá tan án. Bí mo bá ń tẹ páásíwọ́ọ̀dù, màá fi ọwọ́ òsì bo ọwọ́ ọ̀tún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá. Màá ní kí apakòkòrò rẹ̀, ètò tó ń lé kòkòrò àrùn kúrò nínú kọ̀ǹpútà, máa yẹ inú rẹ̀ wò. Bó bá ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, màá po ògì sínú ife, màá sì jókòó tì í bí ẹni jókòó ti ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Tó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò rí nǹkan kan, màá mí kanlẹ̀. Ìgbà náà ni màá tó pè ọ́ lórí fóònù.

Nígbà tí mo pè ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, o ní, "Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ kì í pe oríkì mi mọ́? Ẹ kàn ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó jí nǹkan." Mo ní ọ̀fun ló ń dùn mí. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Lẹ́yìn náà lo wá sọ ìròyìn rẹ: ilé ìwòsàn kan ní Abẹ́òkúta ti gbà ọ́ síṣẹ́, ìwọ ni wàá máa tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn, wọ́n sì ti fún ọ ní kọ̀ǹpútà tí wàá máa fi ṣiṣẹ́ nílé. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n o fi ẹ̀rín parí rẹ̀ pé Wálé tí ẹ jọ ń gbé ilé kan náà máa bá ọ kó àwọn nǹkan sínú ẹ̀, apakòkòrò àti fíìmù, àti pé o ti sọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ fún un. "Kò le láti rántí, Mọ́mì. Oríkì mi ni."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní iná fóònù mi ti fẹ́ tán, mo sì gbé e sílẹ̀. Ohun tó yẹ kí n sọ kò ṣeé sọ nínú yàrá tí mò ń gbé yìí, níbi tí mo ti ń gbọ́ ọ tí ará yàrá kejì bá sín. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé. Jọ̀ọ́, kà á dé òpin kí o tó tan kọ̀ǹpútà náà.

O mọ bí mo ṣe rí. Nígbà tí a sin bàbá rẹ tán tí ìwọ náà kúrò nílé, mo fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ ní Ọ̀tùn, mo ní mò ń lọ kàwé gba oyè ní Ìbàdàn. Gbogbo yín ń yìn mí pé mo láyà. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò mọ̀ pé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, "Ẹ káàárọ̀" àti "Ẹ kúùrọ̀lẹ́" nìkan ni mò ń sọ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ní kíláàsì, àwọn ọmọ tí mo lè bí ń pè mí ní Mọ́mì, wọn kì í sì í jókòó tì mí. Nínú agbo ilé tí mo gba yàrá sí, àwọn obìnrin ibi ẹ̀rọ omi ń sín ohùn Èkìtì mi jẹ. Bí mo bá gbé garawa mi dé, wọ́n á dákẹ́. Bí mo bá ti yí ẹ̀yìn padà, ẹ̀rín á sọ.

Ohun tí mo wá ń ṣe ni pé mò ń wo ènìyàn. Mo mọ ẹni tó ń wọ bàtà ẹlòmíràn lọ ṣe àlùwàlá. Mo mọ ẹni tó ń kí ìyálé rẹ̀ pẹ̀lú eékún kan nílẹ̀ tí èkejì dúró. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn kíláàsì, mo máa ń tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Mi ò ní ẹni tí mo lè bá sọ ọ́, ni mo bá ń sọ ọ́ fún ẹ̀rọ.

Ìyá Ràṣídà ni ẹni àkọ́kọ́ tó kan ilẹ̀kùn mi. Ó jù mí lọ dáadáa, ó ń ta aṣọ òfì ní ọjà Òjé, yàrá rẹ̀ ló kọjú sí tèmi lódìkejì àgbàlá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Tíṣà, ṣé wọ́n fi yín pa mọ́ síbí ni? Tàbí ẹ ń ba fún èèyàn?" Mo rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú mi. Láti ìgbà náà ló ti ń yà kí mi bó bá ti ọjà dé. Ní ọjọ́ kan, ó sọ ọ́ láìronú, ó ní, "Tíṣà mi, ṣé o ti jẹun?" O. Kò pè mí ní ẹ̀yin mọ́. Bí èèyàn ṣe ń pe àbúrò ẹni ló pè mí. Nígbà tó lọ tán, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sórí ibùsùn, mo sì ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré yẹn fún ara mi.

Nítorí náà, nígbà tó mú fíláàṣì kan dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí ni o rò pé mo lè sọ? Ó ní, "Tíṣà mi, gbà, bá mi ki nǹkan yìí bọ inú ẹ̀rọ rẹ. Wáàsí Alfa wa ni. Ó ti dé Ìdí Arère, ó ti dé Ọ̀rányàn, gbogbo wọn ti gbọ́, ó ku èmi."

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ní kí apakòkòrò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ti kọ́ wa ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n lójú mi, ńṣe ni yóò dà bí ìgbà tí ènìyàn na ọwọ́ sí mi, tí mo kọ́kọ́ mú ọṣẹ fọ ọwọ́ ọ̀hún kí n tó bọ̀ ọ́. Fíláàṣì wáàsí! Mo ki fíláàṣì náà bọ inú ẹ̀rọ, mo ṣí i, a sì jókòó sórí ẹní, a ń gbọ́ Alfa. Gbogbo ilé tó ní ó ti dé yẹn, Àbẹ̀kẹ́, gbogbo wọn ló bá a wọ inú kọ̀ǹpútà mi.

Èyí ni ìmọ̀ràn àkọ́kọ́. Má ṣe ṣí fíláàṣì ẹnikẹ́ni kí o tó yẹ̀ ẹ́ wò, ìbáà jẹ́ ti pásítọ̀ rẹ, ìbáà jẹ́ tèmi. Ètò kan wà nínú ẹ̀rọ rẹ tó ń jẹ́ kí fíláàṣì ṣí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí o bá ti ki í bọ inú ẹ̀rọ: pa á. Kí o sì kọ́ ẹnu rẹ ní gbólóhùn yìí: "Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo ènìyàn ni mo máa ń ṣe é fún." Ìgbà tí ó bá kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ, ojú á tì ọ́. Ìtìjú yẹn kéré púpọ̀ sí èyí tí mo wà nínú rẹ̀ báyìí.

Ọ̀rọ̀ àmánà ni Alfa ń sọ nínú wáàsí náà, ohun tí ènìyàn fi sí ìkáwọ́ ẹlòmíràn pé kó bá òun pa á mọ́. Bóyá òun ló sún Ìyá Ràṣídà. Nígbà tí wáàsí parí, ó fọwọ́ kan ojú òsì rẹ̀. Ó ní, "Èyí kò ríran mọ́, Tíṣà mi. Ó ti tó ọdún méjì. Èyí tó kù náà ń ṣú. Bí wọ́n bá mọ̀ ní Òjé, ta ló máa ra aṣọ lọ́wọ́ afọ́jú? Àmánà ni o." Mo ní, "Àmánà ni, mà." Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo fódà tí mo ń kó nǹkan sí nínú ẹ̀rọ ti di àmì ọfà kéékèèké. Bí mo bá tẹ̀ wọ́n, wọn kì í ṣí. Iṣẹ́ àṣekágbá mi wà níbẹ̀, fọ́tò bàbá rẹ wà níbẹ̀. Mi ò ní ẹ̀dà kankan níbòmíràn. Gbọ́ èyí náà: ohun tí o kò bá fẹ́ pàdánù, ní ẹ̀dà rẹ̀ sínú nǹkan tí kò sí lára kọ̀ǹpútà, kí o yọ ọ́ kúrò lára rẹ̀ bí o bá ti kó o síbẹ̀ tán, kí o sì tì í mọ́nú àpótí. Ẹ̀dà tó bá wà lára ẹ̀rọ tí kòkòrò wọ̀, kòkòrò á jẹ òun náà.

Ní ìpayà, mo gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ Kàmọ́rù. Agbo ilé kan náà la jọ ń gbé, ó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń pè é ní Ẹnjiníà. Ó ní yóò gbà á fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Bí mo ṣe ń wá bírò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀, Tíṣà. Ṣé kì í ṣe Àbẹ̀kẹ́ ni? Orúkọ tí ẹ ń pariwo sínú fóònù láràárọ̀! Àwọn ewúrẹ́ ilé wa gan-an ti mọ̀ ọ́n."

Òun ni. Ó yẹ kí ara mi bù máṣọ. Ńṣe ni mo bá a rẹ́rìn-ín.

Láràárọ̀ ni mò ń dúró nínú àgbàlá tí mò ń kì ọ́, tí mo sì ń kéde kọ́kọ́rọ́ ilé mi fún gbogbo ẹni tó ní etí. Ta ni nínú wa tí kò ṣe bẹ́ẹ̀? Orúkọ tó wu ìyá jù ló ń fi tilẹ̀kùn, orúkọ náà ló sì ń pè jù. Páásíwọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí o kò ní ìdí láti pè sókè láéláé. To ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan pọ̀, kó gùn, kó má sì jẹ́ èyí tí o ń lò níbòmíràn.

Kàmọ́rù kó àwọn fódà mi padà, mi ò ní fi èyí dù ú. Ó fi apakòkòrò kan síbẹ̀, ó ní wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kò ní béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ mi. Ó tún fi nǹkan mìíràn síbẹ̀, ó ní, "Èyí á jẹ́ kí n máa rí ẹ̀rọ yín láti ṣọ́ọ̀bù mi, kí ẹ má baà máa gun òkè Bẹ̀rẹ̀ wá." Mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo tún padà lọ dúpẹ́ ní ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé.

Mo rí àwọn àmì. Èmi tí mo mọ ẹni tó ń wọ bàtà ta ni, mo rí gbogbo wọn. Iná kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò fọ́tò ń tàn nígbà tí mi ò ya fọ́tò. Dátà tí mo ń lò fún oṣù kan kò pé ọ̀sẹ̀ kan mọ́. Lọ́jọ́ kan, ọfà tí a fi ń tẹ nǹkan rìn fúnra rẹ̀ kọjá lójú mi, ó sì dúró. Mo wò ó, ó ṣe mí bákan, mo sì pa ẹ̀rọ náà dé. Ojú ń tì mí láti béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà ní àgbàlagbà ò mọ nǹkan kan. Bí o bá rí èyíkéyìí nínú wọn, yọ íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí o sì béèrè lọ́jọ́ náà gan-an.

Ṣìfáù, ìyàwó Kàmọ́rù, ń ta òfì ní Òjé bákan náà. Ìsọ̀ rẹ̀ ló kọjú sí ti Ìyá Ràṣídà. Ní òwúrọ̀ Jímọ́ọ̀ kan, mo gbé garawa mi dé ibi ẹ̀rọ omi, wọn kò sì dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ṣìfáù ló ń sọ̀rọ̀, ó ń wo ojú mi: "Ẹ gbọ́ o, ohun tí Tíṣà kọ rèé o! 'Ojú òsì Ìyá Ràṣídà kò ríran mọ́. Ó ń ta aṣọ tí kò rí.' Háà, Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o! Kí lẹ wá kọ nípa tiwa?" Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́ ló ṣe kà á. Àwọn tó kù ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Ìyá Ràṣídà dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó gbé kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀ lọ́wọ́.

Mo tẹ̀lé e wọnú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Kò bínú, kò pariwo. Ó ní, "Ẹ dìde, Tíṣà. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ráyè kírun."

Ẹ dìde. Ẹ̀yin. Ẹ jọ̀ọ́. Àbẹ̀kẹ́, ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yin ni mò ń jẹ́. Ó ń kí mi láràárọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí wọ́n ṣe ń kí àlejò tí wọ́n ń retí kó lọ.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà, obìnrin tí kò jù ọ́ lọ, ló bá mi yẹ ẹ̀rọ náà wò. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Mọ́mì, ta ló fi eléyìí síbí? Ètò amí ni. Gbogbo ohun tí ẹ ń tẹ̀ àti èyí tí ẹ ti tẹ̀ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń rí. Apakòkòrò tí wọ́n já yẹn gan-an ló ń bò ó kí ẹ má baà rí i." A nu gbogbo inú ẹ̀rọ náà nù, a sì tún un bẹ̀rẹ̀. Kí a tó nù ún, mo mú bírò, mo da ojú ewé tó jẹ́ ti Ìyá Ràṣídà kọ sínú ìwé.

Mo lọ bá Kàmọ́rù. Mo bi í pé kí ló dé tó fi amí sínú ẹ̀rọ mi. Ó ń tú ẹ̀rọ kan lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ gbà pé kí n máa wò ó. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Àti pé, Tíṣà, bí ẹ ò bá fẹ́ kí èèyàn kà á, kí ló dé tí ẹ kọ ọ́?"

Mo ti ń wá èsì ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà náà. Olè ni Kàmọ́rù, ìkà sì ni ìyàwó rẹ̀, mi ò ní dárí jì wọ́n kíákíá. Ṣùgbọ́n kò sí kòkòrò tó ràn mí lọ́wọ́ tẹ àmánà obìnrin yẹn sínú ẹ̀rọ tí orúkọ ọmọ mi ń ṣí. Ìka mi mẹ́wàá ló tẹ̀ ẹ́.

Ìwọ ńkọ́? Ó kéré tán, èmi tẹ ti ẹnì kan. Ìwọ, gbogbo ilé ìwòsàn ló wà lọ́wọ́ rẹ: obìnrin tí oyún bà jẹ́ lára rẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ kò mọ̀, ọkùnrin tó ń gba oògùn tí kò fẹ́ kí ará ilé rẹ̀ gbọ́. Wálé lè jẹ́ ọmọlúàbí. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ náà kò tíì mọ̀ ọ́n. Fíìmù tó bá dà sínú ẹ̀rọ náà, ìwọ kò mọ ilé tó ti gbà kọjá.

Nítorí náà, bí o bá ka lẹ́tà yìí tán, má ṣe tan kọ̀ǹpútà náà, má sì gbé e fún Wálé. Gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ibi iṣẹ́ rẹ, kí o sì fi ẹnu ara rẹ sọ pé, "Mo sọ páásíwọ́ọ̀dù mi fún ẹlòmíràn." Wọ́n lè bá ọ wí. Wọ́n lè gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ, mi ò ní tàn ọ́. Síbẹ̀síbẹ̀, lọ. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, àṣìṣe ni. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ níbi ẹ̀rọ omi, orúkọ mìíràn ni wọn yóò pè é.

Ní ti ẹ̀rọ tó jẹ́ tìrẹ gan-an nílé, apakòkòrò tó ní ìwé àṣẹ tàbí èyí tó bá ẹ̀rọ náà wá láti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ni kí o lò, má gba èyí tí wọ́n já. Bó bá ní òun fẹ́ gba àtúnṣe tuntun, jẹ́ kó gbà á, má máa sọ fún un pé ó di ọ̀la. Bí àpótí kan bá yọ sójú rẹ̀ tó ń pariwo pé kòkòrò ti wọlé, pé kí o tẹ ibí, pé kí o pe nọ́ńbà yìí, má tẹ̀ ẹ́, má pe ẹnikẹ́ni: ariwo yẹn gan-an ni kòkòrò náà. Lẹ pílásítà mọ́ ihò fọ́tò rẹ̀. Kí o sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí o tó tẹ ohunkóhun tí kì í ṣe tìrẹ.

Mo ti yí páásíwọ́ọ̀dù mi padà. Síbẹ̀, bí mo bá fẹ́ pe Àbẹ̀kẹ́, ńṣe ni mo máa ń rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni pé mo ta orúkọ rẹ. Fún mi láyè díẹ̀. Màá tún kì ọ́ bí mo ṣe máa ń ṣe.

Ojú ewé tí mo dà kọ wà níwájú mi báyìí. Gbólóhùn méjì ni Ṣìfáù kà nínú rẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé wọn nìyí: "Ṣùgbọ́n lónìí, mo rí i tó fi àtàǹpàkò ra etí aṣọ kan, tó dárúkọ ẹni tó hun ún, tó sì sọ ibi tí òwú kan ti já. Ojú mi méjèèjì pé, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ká ní mo lè yan ẹ̀gbọ́n ní ìlú yìí, òun ni ǹ bá yàn." Wọn kò ka èyí sí i létí. Lédè Lárúbáwá ló mọ̀wé kà, kò mọ̀ ọ́n kà lédè wa, kò sì lè kà á fúnra rẹ̀.

Lọ́la, bó bá ti kírun Àsárì tán, màá sọdá àgbàlá lójú gbogbo wọn. Mi ò ní gbé kọ̀ǹpútà dání, ìwé yìí nìkan ni. Màá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, màá bẹ̀bẹ̀, màá sì kà á sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan gbólóhùn méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, màá fi ìwé náà lé e lọ́wọ́ pé kó fi dáná tàbí kó pa á mọ́, ó di tirẹ̀. Bó bá ní kí n dìde, màá tẹ́tí sí i dáadáa, bóyá "dìde" ni, tàbí "ẹ dìde."

Èmi ni,
ìyá rẹ.